Ìdè orúnkún: Ta ló ń ṣe láǹfààní, irú èwo ló sì yẹ kí ẹ rà?

Àgbàlagbà tó ń gbé ní Barnersville, ní Monrovia tíí ṣe olú ìlú Liberia, tí orúnkún sì ń dùn ún, lè kọ́kọ́ ronú láti ra ìdè orúnkún. Èrò náà kò burú, ṣùgbọ́n ìdè kì í wo làkúrègbé sàn. Ohun rírọ̀ tó bo orí eegun níbi oríkèé ló ń jẹ díẹ̀díẹ̀, ìdè kò sì lè dá a padà. Àjọ Ìlera Lágbàáyé, WHO, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 528 ènìyàn ló ní irú làkúrègbé yìí lọ́dún 2019, orúnkún ló sì ń bá jà jùlọ.

Èyí tí a ń fà wọ̀ bí ìbọ̀sẹ̀ ló wọ́pọ̀ jù. Ó ń mú orúnkún móoru, ó ń fi ènìyàn lọ́kàn balẹ̀, ipá rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó ní irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì wà fún orúnkún tó máa ń yẹ̀. Òmíràn, tó wọ́n jù, ń gbé ìwúwo ara kúrò ní ẹ̀gbẹ́ tó ti jẹ. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tẹ̀ bí ọrun ló sábà máa ń bá mu, oníṣẹ́ ìlera ló sì yẹ kó wọ̀n ọ́n fún un.

Ẹnu àwọn onímọ̀ kò kò. Lọ́dún 2019, American College of Rheumatology gbà á níyànjú gidigidi fún ẹni tí àìsàn náà ń dí lọ́wọ́ láti rìn. NICE ti Ìlú Ọba ní tirẹ̀ sọ lọ́dún 2022 pé kí wọ́n má máa fún gbogbo ènìyàn, àfi bí orúnkún bá ń yẹ̀ tàbí tí ìwúwo ara kò bá dúró déédéé lórí rẹ̀, tí eré ìdárayá kò sì ṣeé ṣe tàbí kò ṣiṣẹ́ láìsí ìdè. Eré ìdárayá tó ń fún iṣan itan lágbára ni àwọn méjèèjì fọwọ́ sí. Nítorí náà, ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan kò pàdánù bó bá fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀ ní ọwọ́ òdìkejì ẹsẹ̀ tó ń dùn ún.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ fi téèpù wọn ẹsẹ̀ yín kí ẹ tó lọ. Bí ọmọ ìka ẹsẹ̀ bá ń kú tàbí tó wú, ìdè ti fún jù. Ẹ lò ó nígbà ìrìn àti iṣẹ́, ẹ bọ́ ọ bí ẹ bá fẹ́ sùn. Nínú ooru àti òjò Monrovia, òógùn abẹ́ rẹ̀ lè dá egbò sí ara: ẹ máa fọ̀ ọ́, kó sì gbẹ dáadáa. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ti dì rí nínú ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà. Bí orúnkún bá ṣàdédé wú, tó gbóná, tí ibà sì bá a wá, ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ lọ́jọ́ náà gan-an.