Ẹsẹ̀ Ló Ń Dùn Mí, Ebi Ló Jẹ̀bi

Téépù tí mo fi ń wọn aṣọ ló kọ́kọ́ sọ fún mi. Aránṣọ ni mí ní Sùúrùlérè, nítòsí pápá ìṣeré tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ eré ọlọ́nà jíjìn kìlómítà 42 ti Èkó. Nígbà tí mò ń múra fún eré náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dín ìbàdí síkẹ́ẹ̀tì mi kù. Àwọn oníbàárà ń kí mi: "Ìyá Tóbi, ẹ ti di ọmọge o!" Orí mi wú. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mò ń jáde láìfi nǹkan kan kan ẹnu. Tí mo bá dé, tíì lásán ni títí di ọ̀sán.

Ní oṣù kẹrin, mi ò rí nǹkan oṣù mi mọ́. Ọmọ ọdún 41 ni mí. Mo ní ọjọ́ orí ló dé, mo tún dúpẹ́ pé wàhálà dín kù. Kò pẹ́, ojúgun ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí, lójú kan tí ìka kan lè bò. Mo ń fi ìpara gbígbóná pa á, mo ń sáré lọ. Ọjọ́ tí mi ò lè fẹsẹ̀ wa máṣíìnì mọ́ ni mo tó lọ rí dókítà.

Màámi ti ní, "Ṣé mo sọ fún ọ? Obìnrin tó bá ń sáré báyìí, ilé ọmọ rẹ̀ á já." Irú èrò bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi ń lé obìnrin sẹ́yìn nínú eré jíjìn; 1972 ni Boston ní Amẹ́ríkà tó gbà wọ́n wọlé ní gbangba. Ilé ọmọ kì í tìtorí eré já. Ibòmíì ni tèmi ti já.

Dókítà ò béèrè bàtà. "Mà, kí lẹ ń jẹ kí ẹ tó sáré? Nǹkan oṣù yín ńkọ́?" Mo jẹ́wọ́. Ó ní eegun mi sán tín-ín-rín, irú èyí tí àwòrán àkọ́kọ́ lè má fi hàn. Ó wá ṣàlàyé bí ẹni ń ṣírò owó ọjà: tí oúnjẹ tó ń wọlé ò bá tó agbára tí ara ń ná, ara á dá ohun tí kò kánjú dúró. Nǹkan oṣù wà níwájú. Ẹsitirójìn tó ń dáàbò bo eegun á dín kù pẹ̀lú rẹ̀, eegun á sì máa fẹ́lẹ́. Ní 2014, Ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì Àgbáyé sọ àìsàn yìí ní RED-S. Ó ń ṣe ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n obìnrin ní agogo tí ọkùnrin ò ní. Tèmi dákẹ́, mo ń dúpẹ́.

Èròjà irin inú ẹ̀jẹ̀ mi náà ti lọ sílẹ̀. Obìnrin ọdún 19 sí 50 nílò mílígíráàmù 18 lójúmọ́, ọkùnrin 8 péré. Tíì tí mò ń mu mọ́ ẹ̀wà sì ń dí irin lọ́nà. Ọsàn ni mò ń mu mọ́ ọn báyìí.

Ó tún bá omi mi wí. Píọ́wọ́tà ni mò ń fà mu ní gbogbo ìkóríta, òùngbẹ ì báà má gbẹ mí. Omi àmujù a máa fọ́ iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ lójú, ọpọlọ á wú, ó sì lè pani. Ní Boston lọ́dún 2002, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ sárésáré 488 wò: iyọ̀ ti kéré jù lára 13 nínú 100, ó sì wọ́pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ.

Mo sinmi, mo ń jẹun kí n tó jáde. Nígbà tó yá, nǹkan oṣù mi padà. Mo tún fa síkẹ́ẹ̀tì yẹn yọ, mo tú ìbàdí rẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo mọṣẹ́: nígbà tí mò ń dín in kù, mi ò gé aṣọ inú rẹ̀ dànù.