Ẹpìyà Kì Í Jẹ Ekòló Oníke Bí Ẹ Ṣe Rò!

Odò kan náà, ìwọ̀ kan náà, ṣùgbọ́n ẹnì kan á kó ẹja kún garawa, ẹnì kejì á gbé garawa òfìfo relé, á ní àwọn ará ilé bàbá òun ló wà nídìí ọ̀ràn. Irọ́ o! Ìjẹ tó fi sẹ́nu ìwọ̀ ló wà nídìí rẹ̀.

Ní apá Ìjerò, Arámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n Alààyè, odò kéékèèké tó ń gba àárín oko kòkó kọjá ló pọ̀. Ọ̀ṣun pàápàá, tí gbogbo ayé ń wá bọ ní Òṣogbo, agbègbè Ìgèdè-Èkìtì ló ti ń ṣàn bọ̀. Ẹni tó bá ń wá omi ńlá á gba ọ̀nà Ìkun-Èkìtì lọ, níbi tí dáàmù Ero wà. Ẹpìyà àti àrọ̀ lẹja tí àwọn oníwọ̀ ń wá jù. Wọn kì í tóbi lọ títí, ṣùgbọ́n nígbà tí owó kótè àti titus ti ń lé èèyàn sá lọ́jà, ẹpìyà márùn-ún nínú ìkòkò ọbẹ̀ kì í ṣe ohun à ń fojú di.

Ọmọ ẹni lè ti Amẹ́ríkà dé kó yọ ọ̀rá kan nínú àpótí. Ekòló ló wà níbẹ̀, ekòló oníke, pupa, dúdú, àwọ̀ ewé, ó rọ̀ múlọ́múlọ́, ó ń gbọ̀n lórí àtẹ́lẹwọ́ bí ohun ẹlẹ́mìí. Ọ̀gbẹ́ni Nick Creme, ará ìlú Akron ní ìpínlẹ̀ Ohio, ló gbé tirẹ̀ jáde ní 1949, òwò náà sì gbilẹ̀ dé gbogbo ayé. Ta ni yóò rí i tí kò ní fẹ́ dán an wò?

Ẹ dúró ná. Ẹja wo ni wọ́n ń fi í pa lọ́hùn-ún? Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí wọ́n ń pè ní bluegill. Ẹni tó bá rí i lórí àtẹ á ní ẹpìyà ni: ó pẹlẹbẹ, ó fẹ̀, ẹ̀gún wà lẹ́yìn rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ẹnu rẹ̀ kéré, kòkòrò ló sì fẹ́ràn láti máa jẹ. Ojú ló fi ń wá oúnjẹ. Ìyẹn ló jẹ́ kí ike tó ń jó nínú omi lè tàn án. (Ẹ má fojú kékeré wò ó o. Ní 1960, olórí ìlú Chicago fi bluegill ta Akihito lọ́rẹ, ẹni tó jẹ́ àrẹ̀mọ ọba Japan nígbà náà. Ẹja náà bọ́ sínú omi ilẹ̀ wọn, ó ń jẹ ẹyin àti ọmọ ẹja onílé. Ní 2007, Akihito tó ti di ọba fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọ̀rọ̀ náà dun òun.)

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kì í fi ekòló oníke gígùn sẹ́nu ìwọ̀ fún irú ẹja bẹ́ẹ̀. Èyí tí kò ju oríkèé àkọ́kọ́ àtàǹpàkò lọ ni wọ́n ń mú, pẹ̀lú ìwọ̀ kékeré àti òjé tín-ín-tín. Tó bá gùn jù, ìrù rẹ̀ lẹja yóò fà, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Bí omi bá mọ́ gaara, àwọ̀ ilẹ̀ tàbí ti ekòló gan-an ló dára. Bí òjò bá ti da omi rú, dúdú tàbí àwọ̀ tó ń tàn ni kí wọ́n mú. Wọn á mì í díẹ̀, wọn á dúró, wọn á tún mì í. Ẹni tó bá ń fà á wìrìwìrì, ẹja ló ń lé lọ.

Ṣùgbọ́n ẹpìyà tiwa ńkọ́? Bó ṣe jọ bluegill tó, ikùn wọn ò jọra. Ẹpìyà tó ti dàgbà, ewéko inú omi àti ohun tútù yọ̀ọ̀yọ̀ọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ òkúta ló ń jẹ jù. Ike tó ń jó lè máa jó lọ níwájú rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ fún un ní ẹ̀bà líle, fùfú tàbí búrẹ́dì tí wọ́n pò mọ́ra, kékeré bí èso ẹ̀wà, yóò wá. Ekòló gidi tí wọ́n gé ní ìwọ̀n èékánná náà ń mú un. Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ibi tí omi balùwẹ̀ ń gbà lọ ni kí ẹ ti wú u, kóbò kan ò ní jáde lápò yín.

Ohun kan tún wà tí ẹ̀yin ìyá yóò fẹ́ gbọ́. Irú ẹpìyà kan wà tó jẹ́ pé bí abo rẹ̀ bá ti yé ẹyin, ẹnu ló ń kó o sí títí tí yóò fi pa, tí àwọn ọmọ yóò fi lè dá lúwẹ̀ẹ́. Láàárín àkókò yìí, ebi ló fi ń tọ́ wọn. Irú ìyá bẹ́ẹ̀, ìjẹ wo lẹ fẹ́ fi tàn án?

Ti àrọ̀ tún yàtọ̀. Òru ló ń jẹun jù, òórùn àti irùngbọ̀n rẹ̀ ló fi ń wá a. Ike kò ní òórùn ẹran, nítorí náà ekòló tàbí ìfun adìyẹ ni kí ẹ lò. Ibi tí ekòló oníke ti lè wúlò nínú omi wa ni fún ẹja kékeré kan tó ní àmì dúdú márùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọdẹ ni òun, ọmọ ẹja ló ń pa jẹ. Bí ìwọ̀ bá já, ẹ wá ike náà yọ, torí kì í jẹrà, ẹja tó bá sì gbé e mì lè há sí i nífun.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ ìjẹ fi tó ohun tí à ń pariwo lé lórí? Ẹni tó jókòó sétí omi láti àárọ̀ tí kò rí nǹkan kan, ojú rẹ̀ lè yà sí agolo oògùn kòkó. Gammalin 20, tí àwọn àgbẹ̀ fi ń pa kòkòrò orí igi kòkó láyé ọjọ́sí, ni àwọn kan gbé lọ sódò ní ọ̀pọ̀ ibi ní Nàìjíríà. Oró inú rẹ̀ ń jẹ́ lindane. Bí wọ́n bá dà á sómi, àti ìyá àti ọmọ ẹja ni yóò léfòó, ó sì ń ba iṣan àti ọpọlọ ènìyàn jẹ́. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1992 lórí ẹja omi inú ilẹ̀ ka fífi oògùn olóró pẹja léèwọ̀. Ní 2009, àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fi lindane sínú àwọn oró tí wọ́n fẹ́ pa rẹ́ nínú iṣẹ́ àgbẹ̀.

Ìyá ẹlẹ́ja tó bá fẹ́ ra ẹja odò lọ́wọ́ ọ̀dọ́ àdúgbò, kó la ẹnu ẹja náà wò. Ojú ìwọ̀ kì í fara sin. Bó bá ní àwọ̀n lòun fi kó o, ẹ ní kó gbé àwọ̀n náà wá. Ẹni tí kò ní ìwọ̀, tí kò ní àwọ̀n, tí ẹja rẹ̀ sì kún garawa méjì láàárọ̀ kan, ẹ jẹ́ kó máa gbé e lọ. Ẹ má sì gbọ́kàn lé iná ààrò pé yóò pa oró náà.