Pọ́ńpù Tó Ń Lé Afẹ́fẹ́ Inú Ara Rẹ̀ Jáde

Pọ́ńpù kì í fa omi gan-an. Afẹ́fẹ́ ayé ló ń tẹ omi kànga láti òkè, tí omi sì ń gba inú páìpù sá lọ síbi tí ìtẹ̀ náà kò ti pọ̀. Nínú ìwé tí Galileo tẹ̀ jáde ní 1638, ó kọ ọ́ pé omi kì í gòkè kọjá nǹkan bíi mítà 10, ṣùgbọ́n ó rò pé ìwúwo omi náà ló ń mú un já bí okùn. Evangelista Torricelli, tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀, ló rí ìdí rẹ̀: ibi tí agbára afẹ́fẹ́ mọ nìyẹn.

Nígbà tó di 1851, John Appold pàtẹ pọ́ńpù alábẹ̀bẹ̀ rẹ̀ níbi Àfihàn Ńlá ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Abẹ̀bẹ̀ irú pọ́ńpù yìí máa ń yí, á sì fi ipá ju ohun tó bá bá nínú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá bá omi, iṣẹ́ ti yá. Bó bá bá afẹ́fẹ́, asán ni, nítorí omi wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po bíi 800. Pọ́ńpù tó lè ta omi sókè ní mítà 30, bí afẹ́fẹ́ bá kún inú rẹ̀, agbára káká ni yóò fi gbé omi ní sẹ̀ńtímítà 4. Ìdí nìyí tí pùlọ́mbà fi ń bu omi sí i lẹ́nu kó tó tan án.

Ọgbọ́n tí wọ́n ta sí i nínú pọ́ńpù tó ń lé afẹ́fẹ́ inú ara rẹ̀ jáde ni pé kí omi má tán nínú ikùn rẹ̀. Wọ́n gbé ẹnu tí omi ń bá wọlé ga ju abẹ̀bẹ̀ lọ, kí omi díẹ̀ lè ṣẹ́ kù bí wọ́n bá pa á. Bí wọ́n bá tún tan án, abẹ̀bẹ̀ yóò po omi yìí mọ́ afẹ́fẹ́ tó wà nínú páìpù, wọn yóò sì di ìfóófòó. Ìfóófòó náà yóò bọ́ sí yàrá kan tó fẹ̀. Afẹ́fẹ́ yóò gba òkè jáde, omi yóò sì padà sídìí abẹ̀bẹ̀ láti lọ kó òmíràn wá. Díẹ̀díẹ̀ ni omi kànga yóò fi gun páìpù dé òkè. Ṣùgbọ́n ti ọjọ́ àkọ́kọ́, ọwọ́ ni wọ́n ń fi bu omi sí i. Ẹni tó bá tan án ní gbígbẹ yóò jó síìlì rẹ̀.

Irú pọ́ńpù bẹ́ẹ̀ wúlò níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọ páìpù léraléra: kòtò ìpìlẹ̀ ilé tí omi kún, ọkọ̀ ojú omi, oko ẹ̀fọ́ etí odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Iná tó ń jẹ máa ń pọ̀ díẹ̀ ju ti èyí tó wọ́pọ̀ lọ, páìpù tó bá sì lu, bó ti wù kí ihò rẹ̀ kéré tó, yóò ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Kì í sábà lè gbé omi láti ibi tó jìn ju mítà 7 tàbí 8 lọ. Fún kànga-dẹ̀rọ tó jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, pọ́ńpù tí wọ́n ń pè ní súmò ni wọ́n ń sọ̀ sínú omi, kó máa ti omi bọ̀ láti ìsàlẹ̀.