Ẹ̀jẹ̀ Kì Í Ru Bí Òkun: Àlàyé Díẹ̀ Lórí Àrùn Ọkàn Àti Oògùn Rẹ̀

Nínú gbogbo orúkọ tí àwa Yorùbá fún àìsàn, n kò rò pé èyí tí ó ń tan ènìyàn jẹ tó 'ẹ̀jẹ̀ ríru' wà. Ohun tí ó bá ń ru, a máa ń rí i tàbí kí a gbọ́ ọ. Bí òkun bá ń ru ní etíkun Àgbádárìgì, ẹni tí ó wà nínú oko àgbọn yóò gbọ́ ọ. Bí ọbẹ̀ bá ru, yóò dà sí iná. Nítorí náà, ẹni tí dókítà bá sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru yóò fi etí sílẹ̀ de ariwo náà: yóò máa retí kí orí fọ́ òun, kí òòyì kọ́ òun, kí àyà òun máa já. Bí kò bá gbọ́ nǹkan kan, yóò ní ẹ̀jẹ̀ òun ti rọlẹ̀, yóò sì gbé oògùn tì. Bẹ́ẹ̀ ni àrùn yìí kì í sábà pariwo rárá. Ìgbà tí ó bá pariwo, ọ̀pọ̀ nǹkan ti bàjẹ́.

Èmi tí mò ń kọ èyí, ẹ̀kọ́ apòògùn ni mò ń kọ́. Ìfẹ́ èdè wa ni ó mú mi wá sínú ẹgbẹ́ yìí. Ẹ jẹ́ kí n fi ìmọ̀ méjèèjì ṣe àlàyé fún yín.

Ọ̀rọ̀ 'ọkàn' pàápàá ń dà wá láàmú. Bí Yorùbá bá ní 'ọkàn mi kò balẹ̀', èrò ni ó ń sọ. Bí dókítà bá ní 'ọkàn', ẹran ara kan tí ó tó ìkúùkù ènìyàn ni ó ń sọ, tí ó wà nínú àyà, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa ti ẹ̀jẹ̀ gba inú iṣan káàkiri ara. Ó ń lù tó nǹkan bí 100,000 ìgbà láàárín ọ̀sán kan àti òru kan, kò sì ní ọjọ́ ìsinmi. Agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan bí ó ti ń kọjá ni à ń pè ní ìfúnpá. Nọ́ńbà 2 ni a fi ń kọ ọ́: ti òkè ni ti ìgbà tí ọkàn ń fún ẹ̀jẹ̀ jáde, ti ìsàlẹ̀ ni ti ìgbà tí ó dẹ ara sílẹ̀ kí ó tó tún fún un. Ìfúnpá tí ó bá wà ní 120 lórí 80 kò ní wàhálà. Bí ó bá tó 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí a wọ̀n ọ́n ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí kò yí padà, ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ ní ọdún 2021 pé àwọn ẹni ọdún 30 sí 79 tí ó ní àrùn yìí ní gbogbo ayé tó bílíọ̀nù 1 àti mílíọ̀nù 280, àti pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tí kò mọ̀ rárá pé àwọn ní in.

Kí ni ó wá ń ṣe fún ọkàn? Ẹni tí ó bá ń fi ọmọ odó tí ó wúwo gúnyán lójoojúmọ́, apá rẹ̀ yóò ki. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkàn tí ó ń ti ẹ̀jẹ̀ gba inú iṣan tí ó le: ògiri rẹ̀ yóò nípọn. Ṣùgbọ́n apá tí ó ki wúlò fún iyán. Ọkàn tí ó bá nípọn kò ní lè dẹ̀ mọ́ kí ẹ̀jẹ̀ kún inú rẹ̀. Nígbà tí ó bá pẹ́, yóò rẹ̀ ẹ́. Ẹ̀jẹ̀ yóò wá máa tò sẹ́yìn bí ọkọ̀ ti ń tò ní bodè Sèmè, omi yóò jò sínú ẹ̀dọ̀fóró, ẹsẹ̀ yóò wú. Aláìsàn kò ní lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Ìrọ̀rí 2 yóò di 3, 3 yóò di ìjókòó títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ìgbà yẹn ni àwọn ará ilé máa ń sọ pé ó tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ lọ́jà.

Kì í ṣe àròsọ ni mò ń sọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladipo Akinkugbe ti Ìbàdàn, tí ó dolóògbé ní ọdún 2020, ti kọ odidi ìwé kan lórí ẹ̀jẹ̀ ríru lára aláwọ̀ dúdú láti ọdún 1972. Ní ọdún 2012, ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní THESUS-HF jáde, tí ó tọpa àwọn ènìyàn 1,006 tí wọ́n gbé wá sí ilé ìwòsàn 12 ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà 9 nítorí pé agbára ọkàn wọn ti ń pin. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, àìsàn àgbàlagbà ni èyí jẹ́ jù lọ, iṣan tí ó ń bọ́ ọkàn fúnra rẹ̀ tí ọ̀rá dí ni ó sì sábà máa ń fà á. Ní tiwa, ọjọ́ orí àwọn aláìsàn náà kò ju 52 lọ bí a bá pín in dọ́gba. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó fa nǹkan bí 45 nínú 100, iṣan dídí kò sì tó 8. Nígbà tí Okechukwu Ogah àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìròyìn àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ tí wọ́n tọ́jú ní Abẹ́òkúta jáde ní ọdún 2014, ó ju 7 nínú 10 lọ tí ó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó ba ọkàn wọn jẹ́. Ẹni ọdún 52, ẹ rò ó wò: ó ṣì ń san owó ilé ìwé ọmọ.

Ọjà Agbalata ni ó jẹ́ kí n mọ̀ pé mímọ orúkọ àrùn kò tó. Ẹ̀bá ọ̀sà ní Àgbádárìgì ni ọjà náà wà. Àwọn Ègùn ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹrù wá síbẹ̀, àwọn oníṣòwò sì ń ti ilẹ̀ Bìní Olómìnira àti Tógò wá. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń ta ẹja yíyan níbẹ̀ láti kékeré mi. Oògùn 3 ni dókítà kọ fún un. Èmi bi í léèrè ní ọjọ́ ọjà kan pé, "Màmá, ẹ ti lo oògùn yín lónìí?" Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ṣé ọjọ́ ọjà ni n ó lo oògùn tí yóò máa lé mi lọ tọ̀? Ta ni yóò bá mi jókòó ti ẹja?" Ìgbà tí mo wádìí sí i ni mo rí i pé ọ̀kan ṣoṣo ni ó ń lò déédéé. Èyí tí ó ń mú un tọ̀, kì í lò ó lọ́jọ́ ọjà. Èyí tí ó ń mú un wúkọ́, ó ti fi í sílẹ̀ pátápátá.

Ẹ má pè é ní òpè. Obìnrin tí àwọn méjèèjì jọ ń pàtẹ ti di ẹni tí ọmọ ń gbé jókòó. Rọpárọsẹ̀ ti mú apá ọ̀tún rẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń lọ kí i, ẹ̀rù sì ń bà á. Ṣùgbọ́n oògùn 3, ní wákàtí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí owó kálukú wọn yàtọ̀, fún àrùn tí kò dun ènìyàn, ìṣòro gidi ni fún ẹni tí ó ń jí lọ sọ́jà ní òwúrọ̀ kùtù.

Kí n tó dé orí oògùn titun, n óò yà díẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́wé ọmọ. Àwọn kan máa ń ní oògùn ìbílẹ̀ kò wúlò, àwọn mìíràn ní níwọ̀n ìgbà tí ó ti jẹ́ ewé, kò lè pani. N kò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú wọn. Igi tí a ń pè ní asofẹ́yẹjẹ, tí àwọn baba wa ń fi gbòǹgbò rẹ̀ tọ́jú wèrè, ní ọmọ ìyá kan ní ilẹ̀ Íńdíà. Ní ọdún 1949 ni Rustom Jal Vakil, dókítà ará Íńdíà, kọ ìròyìn bí igi ti Íńdíà náà ti ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru rọlẹ̀. Ní ọdún 1952, àwọn onímọ̀ ní ìlú Basel ní Switzerland yọ èròjà inú rẹ̀ jáde, wọ́n pè é ní reserpine. Èròjà yìí kan náà wà nínú asofẹ́yẹjẹ tiwa. Ó ṣiṣẹ́ gan-an. Ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù, ó ń mú ènìyàn rẹ̀wẹ̀sì, ó sì lè mú ìfúnpá lọ sílẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Gbòǹgbò 2 kì í dọ́gba, àgúnmu 2 kì í dọ́gba. Hóró oògùn tí a wọ̀n ni ó ń dọ́gba. Lórí ìwọ̀n ni ìyàtọ̀ wà.

Ìwọ̀n yìí gan-an ni ìwádìí àìpẹ́ yìí dá lé. Ọ̀nà 3 ni oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ń gbà jù lọ. Irú amlodipine ń mú kí ògiri iṣan dẹ̀. Irú hydrochlorothiazide ń lé iyọ̀ àti omi gba inú ìtọ̀ jáde. Irú perindopril ń dá iṣẹ́ èròjà kan dúró, èyí tí ó ń fún iṣan pọ̀. Òun náà ni ó máa ń mú àwọn ènìyàn kan wúkọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, a kàn ń tẹ̀lé ohun tí wọ́n rí lára aláwọ̀ funfun ni. Dike Ojji ti Yunifásítì Àbújá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú Bongani Mayosi ti Cape Town tí ó kú ní ọdún 2018 kí ìròyìn náà tó jáde, wá kó ènìyàn 728 jọ ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà 6, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Wọ́n pe ìwádìí náà ní CREOLE. Oògùn 2 ni wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ìròyìn jáde ní ọdún 2019, a rí i pé lẹ́yìn oṣù 6, àwọn tí amlodipine wà nínú oògùn tiwọn ni ìfúnpá wọn rọlẹ̀ jù, ó fi nǹkan bí 3 ju ti àwọn tí a fún ní perindopril àti hydrochlorothiazide. Ó jọ pé ohun tí ó fà á ni pé kíndìnrín ọ̀pọ̀ nínú wa ń di iyọ̀ mú, tí èròjà tí perindopril ń bá jà kò sì pọ̀ lára wa. Ẹnìkan lè ní kí ni 3 jẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá jẹ́ ti àìmọye ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, rọpárọsẹ̀ tí ó ń dènà kì í ṣe kékeré.

Èyí tí ó tún dùn mọ́ mi jù ni ìwádìí VERONICA, tí Ojji kan náà ṣíwájú rẹ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní agbègbè Àbújá. Ènìyàn 300 ni. Wọ́n fún apá kan ní oògùn bí a ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀: bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀kan, bí kò bá tó, fi òmíràn kún un. Wọ́n fún apá kejì ní hóró kan ṣoṣo lójúmọ́, tí oògùn 3 wà nínú rẹ̀: telmisartan, amlodipine àti indapamide. Ìwọ̀n rẹ̀ tí ó kéré jù jẹ́ ìdámẹ́rin ti ìwọ̀n rẹ̀ tí ó pọ̀ jù. Ìdí rẹ̀ ni pé díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀nà 3 ń ṣiṣẹ́ ju púpọ̀ láti ọ̀nà kan lọ, ìpalára rẹ̀ sì ń kéré. Nígbà tí wọ́n ka ìròyìn rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Ògún ọdún 2024, nọ́ńbà òkè ti rọlẹ̀ pẹ̀lú 31 lára àwọn olóògùn kan ṣoṣo, pẹ̀lú 26 lára àwọn yòókù. Ní oṣù àkọ́kọ́ pàápàá, nǹkan bí 8 nínú 10 nínú wọn ni ìfúnpá wọn ti bọ́ sí ibi tí ó yẹ. Àwọn yòókù kò tó 6. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí hóró náà, orúkọ tí wọ́n ń tà á níbẹ̀ ni Widaplik. Ó wú mi lórí pé láti Àbújá ni ẹ̀rí kan tí ó lágbára ti wá fún oògùn tí wọn yóò lò ní Amẹ́ríkà.

Ó ku díẹ̀ tí hóró kan kò lè yanjú. Iyọ̀ wà nínú ẹja tí a fi iyọ̀ pa àti kúùbù tí a ń fọ́ sínú ọbẹ̀. Kò sí oògùn tí kò ní bá a ṣe wàhálà. Indapamide náà ń mú ni tọ̀, ṣùgbọ́n a lè bá dókítà sọ̀rọ̀ kí a yí wákàtí rẹ̀ padà nítorí ọjọ́ ọjà. Èyí sàn ju kí a fò ó lọ. Aláboyún kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan telmisartan tàbí perindopril, nítorí wọ́n ń ba kíndìnrín ọmọ inú jẹ́. Ẹni tí ó bá lóyún lórí rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi oṣù kan dúró kí ó tó sọ. Methyldopa, labetalol tàbí nifedipine ni àwọn dókítà sábà máa ń fi rọ́pò rẹ̀ títí yóò fi bímọ.