Iṣẹ́ Àwọn Olùyọ̀ǹda Ara-ẹni Nínú Dídóòlà Ẹ̀mí Ajá: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ìjì Katrina, 2005

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Òwe yìí gbé ẹ̀bi sísọnù ka ajá lórí: ọdẹ fọn fèrè, ajá ni kò kọbi ara sí i. Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tí ajá gbọ́ fèrè, tí ọ̀nà àtibá ọdẹ lọ sì dí mọ́ ọn. Irú èyí ló ṣẹlẹ̀ ní ìlú New Orleans, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọdún 2005. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé iṣẹ́ àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn láti dóòlà ajá kò parí síbi yíyọ ajá nínú ewu. Mímọ ilé tí ajá ti wá, kí a sì lè dá a padà síbẹ̀, jẹ́ apá kan pàtàkì nínú ìdóòlà náà.

Ìjì Katrina àti Àwọn Ajá Tó Ṣẹ́ Kù Sẹ́yìn

Ní ọjọ́ 28, oṣù kẹjọ, ọdún 2005, aláṣẹ ìlú New Orleans pàṣẹ pé kí àwọn ará ìlú kúrò nílùú. Ní ọjọ́ kejì, ìjì Katrina jà. Odi tí wọ́n fi sé omi ya, omi sì bo bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ìlú náà. Ọ̀pọ̀ ibùdó tí wọ́n pèsè fún àwọn tó sá àsálà kò gba ẹranko láàyè nítorí ọ̀rọ̀ ìlera. Bákan náà ni wọn kò gba ajá sínú ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì tó ń kó ènìyàn jáde. Àwọn kan fi ajá sílé pẹ̀lú oúnjẹ ọjọ́ díẹ̀, wọ́n lérò pé àwọn yóò tètè padà. Àwọn mìíràn kọ̀ láti fi ajá wọn sílẹ̀, wọ́n sì fi ẹ̀mí ara wọn wewu. Èyí fi hàn pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ajá àti ti olówó rẹ̀ wọnú ara wọn.

Iṣẹ́ Tí Wọ́n Ṣe

Kí ìjì tó dé, ẹgbẹ́ aláàánú ẹranko ní New Orleans ti kó ẹranko 263 tó wà lábẹ́ ìtọ́jú wọn lọ sí Houston. Lẹ́yìn ìjì, àwọn olùyọ̀ǹda ara-ẹni ya dé láti onírúurú ìpínlẹ̀. Àwọn dókítà ẹranko wà nínú wọn. Àwọn tí kò ní ju ìfẹ́ ẹranko lọ náà sì wà níbẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: wọ́n pín iṣẹ́ náà láàrin ara wọn.

Àwọn kan wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí àwọn ilé tí olówó ajá ti fi àdírẹ́sì wọn ránṣẹ́. Wọ́n ń fi ọ̀dà kọ ọjọ́ tí wọ́n débẹ̀ àti ohun tí wọ́n bá nílé sára ògiri, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ̀. Àwọn kejì wà ní pápá ìfẹṣindárà kan ní Gonzales, tí wọ́n sọ di ibùdó ẹranko. Wọ́n ń fọ omi ìdọ̀tí kúrò lára ajá, wọ́n ń bọ́ wọn, wọ́n ń tún àgò wọn ṣe. Àwọn kẹta ń ya àwòrán ajá, wọ́n sì ń gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí olówó wọn lè rí wọn. Ẹranko tí wọ́n ṣírò pé wọ́n dóòlà tó 15,000.

Ìṣòro Tó Jẹyọ

Nínú gbogbo àwọn wọ̀nyí, ìṣirò tó wọ́pọ̀ ni pé àwọn tó padà sílé kò ju bí ìdá kan nínú márùn-ún lọ. Ọ̀pọ̀ ajá kò ní àmì ìdánimọ̀ lọ́rùn. Àwọn tó gbé ajá mìíràn kò kọ àdírẹ́sì ibi tí wọ́n ti gbé e. Nígbà tí ibùdó kún, wọ́n kó ajá lọ sí ìpínlẹ̀ tó jìnnà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn olówó wọn náà ti fọ́n káàkiri. Nígbà tí àwọn kan fi máa rí ajá wọn, ó ti di ọmọ ilé ẹlòmíràn. Ẹni tó gbà á tọ́ kì í ṣe olè, ẹni tó sọ ọ́ nù kì í ṣe ìkà. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ àwọn kan di ti ilé ẹjọ́. Fíìmù Mine (2009) dá lé irú aáwọ̀ yìí. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran: kánjúkánjú kò yẹ kó dí àkọsílẹ̀ lọ́wọ́.

Àyípadà Nínú Òfin

Ní ọjọ́ 6, oṣù kẹwàá, ọdún 2006, Ààrẹ George W. Bush fọwọ́ sí òfin kan tó ní kí ètò ìpínlẹ̀ àti ti ìjọba ìbílẹ̀ fún ìgbà àjálù máa ka àwọn tó ní ẹranko ilé sí. Nígbà tí ìjì Gustav ń bọ̀ ní ọdún 2008, àyè wà fún àwọn ará New Orleans láti kó ẹranko wọn dání bí wọ́n ṣe ń jáde nílùú.

Ìkádìí

Àyẹ̀wò yìí fi hàn pé àánú nìkan kò tó fún iṣẹ́ ìdóòlà. Ọkọ̀ ojú omi ló yọ ajá nínú omi, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì tí a kọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ló lè dá a padà fún olówó rẹ̀. Olùkọ́ tó bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní ìtọ́jú ẹranko ní láti kọ́ ọ ní méjèèjì.