“Níbo ló ń dùn yín?”: Egbò Buruli àti iṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì kò lè jẹ́ mọ́

Ní Ikpinlè, ní kọmúùnù Adja-Ouèrè, mo jókòó lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ìyá kan tó gbé ọmọ rẹ̀ wá fún ìtọ́jú ibà. Nọ́ọ̀sì bi ọmọ náà pé, “Níbo ló ń dùn ọ́?” Ọmọ fi ọwọ́ kan orí. Wọ́n ti fún un ní oògùn, wọ́n ti ń múra àtilọ, kí ìyá tó sọ ọ́ bí ohun tí kò já mọ́ nǹkan pé kókó kékeré kan ti wà ní apá ọmọ náà láti bí oṣù kan, “ṣùgbọ́n kò dùn ún.” Nọ́ọ̀sì tún jókòó.

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Ó ti gbà pé ìrora wà kí a tó dáhùn. Ibi tí ìrora náà wà nìkan ló ń wá. Àìsàn kan sì wà ní agbègbè wa tó ń gba abẹ́ ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kọjá. Egbò Buruli ni. Láti orúkọ ibì kan ní Uganda ni wọ́n ti mú orúkọ rẹ̀. Mycobacterium ulcerans ló ń fà á, ìbátan kòkòrò tó ń fa ẹ̀tẹ̀ àti ikọ́ ife. Ní ilé ìtọ́jú rẹ̀ tó wà ní Pobè, láti 2005 dé 2011, àwọn aláìsàn tí àyẹ̀wò fi ìdí àrùn náà múlẹ̀ lára wọn jẹ́ 1.227, bí ìdajì wọn ni kò ju ọmọ ọdún 12 lọ. Kókó ló sábà máa ń kọ́kọ́ yọ, tàbí kí ara wú. Lẹ́yìn náà awọ á là, egbò ńlá á sì ṣí sílẹ̀, síbẹ̀ ìrora rẹ̀ kì í tó bí egbò náà ṣe tóbi tó.

Gírámà kò lè sọ ìdí rẹ̀ fún wa; ó di inú sẹ́ẹ̀lì.

Sẹ́ẹ̀lì kì í dá gbé. Ó ń ránṣẹ́ sí àwọn yòókù, ó sì ń gbọ́ tiwọn. Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ tó pọ̀ tó fún èyí: a ń rán iṣẹ́, a ń jẹ́ iṣẹ́, ẹni tó ń jẹ́ ẹ sì ni òjíṣẹ́. Ohun tí Faransé ń pè ní récepteur ló dà mí láàmú. Mo kọ́kọ́ kọ “agbaṣẹ́”, àwọn tó kà á sì rò pé mo ń sọ̀rọ̀ agbaṣẹ́ṣe tó ń kọ́lé. Mo wá pè é ní etí: ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń gbọ́ iṣẹ́ tí a rán sí i.

Kòkòrò Buruli ń tú májèlé kan jáde, mycolactone, tí àwọn onímọ̀ dá mọ̀ ní 1999. Ní 2014 ni a tó mọ ibi tí májèlé náà ti ń ṣọṣẹ́. Púrótéènì tí sẹ́ẹ̀lì fẹ́ rán síta gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ẹnu ọ̀nà kan kọjá nínú sẹ́ẹ̀lì, Sec61 lorúkọ rẹ̀. Mycolactone dí ẹnu ọ̀nà náà. Òjíṣẹ́ kò lè jáde mọ́, sẹ́ẹ̀lì á sì bà á jẹ́ sínú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn etí náà ń gba ibẹ̀ kọjá kí wọ́n tó dé ara sẹ́ẹ̀lì, nítorí náà sẹ́ẹ̀lì kò ránṣẹ́, kò sì gbọ́ràn dáadáa. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó yẹ kó ké pe àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wá bá kòkòrò náà jà dákẹ́. Nígbà tó bá pẹ́, sẹ́ẹ̀lì tí ọ̀nà dí mọ́ á kú, ọ̀rá abẹ́ awọ á sì jẹrà.

Ti ìrora yàtọ̀ díẹ̀. Ní ọdún kan náà, àwọn olùwádìí kan fi hàn lára eku pé mycolactone ń jókòó sínú etí kan lára sẹ́ẹ̀lì iṣan ìmọ̀lára, AT2, tí kì í ṣe tirẹ̀ rárá: ti angiotensin ni. Potásíọ̀mù á máa jáde kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì náà, kò sì ní rọrùn fún un láti ta mọ́. Ìròyìn ìrora kò ní dé ọpọlọ. Àwọn mìíràn gbà pé bíba okùn iṣan náà jẹ́ ló ṣe pàtàkì jù. Fún aláìsàn, ọ̀kan náà ni.

Ọ̀rọ̀ awọ kò gùn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ tí ń sọ awọ dọ̀tun, ọ̀pọ̀ wọn wà ní ìdí irun. Bí egbò bá jinlẹ̀ dé ibẹ̀, etí egbò nìkan ni awọ tuntun ti lè hù wá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lẹ awọ mọ́ egbò tó bá tóbi.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìbéèrè. Mo gbà pé “Où avez-vous mal ?” ló wà lẹ́yìn rẹ̀; èmi náà ti túmọ̀ ọ bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí àwọn àgbà wa ń bi aláìsàn ni “Kí ló ń ṣe yín?”, kò sì dárúkọ ìrora. Ó sàn jù, ṣùgbọ́n kò tó, torí pé lójú ìyá ọmọ yẹn, kókó náà kò ṣe ọmọ òun ní nǹkan kan. A ní láti dárúkọ àìdùn náà gan-an.

Níbẹ̀ ni dùn ti ń dẹkùn sílẹ̀. Bí kò bá ní àbọ̀, adùn oúnjẹ ló ń sọ. Bí ó bá ní àbọ̀ tó jẹ́ ènìyàn, ìrora ni. Mo ka “kókó tí kò dùn” sókè fún àwọn obìnrin kan lọ́jà Ikpinlè, ọ̀kan sì bi mí bóyá oúnjẹ ni mò ń tà. Nítorí náà, nínú ìwé ìkéde tàbí lórí rédíò, àbọ̀ yẹn kò gbọ́dọ̀ sọnù: “Ṣé kókó kan wà lára ọmọ yín tí kò dùn ún? Ẹ gbé e wá.” Bí wọ́n bá gbé e wá nígbà tó ṣì jẹ́ kókó, rifampicin àti clarithromycin fún ọ̀sẹ̀ 8 lè wò ó sàn láìsí iṣẹ́ abẹ.