Kí Ẹ Tó Ta Rédíò Ọkọ̀ Àtijọ́: Àlébù Tí Ẹ Mọ̀, Ẹ Sọ Ọ́

Bí ẹ bá wo abẹ́ ibùsùn àgbà tàbí inú àpótí tó ti pẹ́ nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, ẹ ó rí ohun kan tí a fi aṣọ àtijọ́ wé: rédíò tí wọ́n yọ kúrò nínú ọkọ̀ bàbá, irú èyí tó ń sọ̀rọ̀ tó sì tún ń lu kásẹ́ẹ̀tì. Ọkọ̀ náà ti lọ sọ́wọ́ àwọn tó ń ra irin, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè ju rédíò náà nù.

Lóde òní, irú rédíò bẹ́ẹ̀ ti di ọjà. Àwọn tó ń tún Peugeot 504, Volkswagen Beetle àti Mercedes àtijọ́ ṣe kò fẹ́ fi rédíò ìgbàlódé sínú wọn. Èyí tó bá ọjọ́ orí ọkọ̀ mu ni wọ́n ń wá kiri. Bí ó bá sì ń ṣiṣẹ́, owó rẹ̀ yàtọ̀ gédégbé sí ti èyí tó ti dákẹ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún rédíò ṣe kí wọ́n tó tà á. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wa wà lónìí, nítorí pé ohun tí a tún ṣe kì í ṣe ohun tuntun, ẹni tó ń tà á sì máa ń mọ ohun tí ẹni tó ń rà á kò mọ̀.

Ibi tí rédíò ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀

Ní 1930 ni Paul Galvin àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé rédíò ọkọ̀ tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Motorola jáde. Ní 1932, Blaupunkt ti ilẹ̀ Jámánì gbé tirẹ̀ jáde. Rédíò lásán ni wọ́n nígbà náà. Ní 1963 ni ilé iṣẹ́ Philips fi kásẹ́ẹ̀tì kékeré tí gbogbo wa mọ̀ han aráyé ní ìlú Berlin, nígbà tó sì di 1968, wọ́n ti so rédíò àti ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì pọ̀ fún inú ọkọ̀.

Ní 1975 tí ilé iṣẹ́ tó ń to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kásẹ́ẹ̀tì ti ń di ara ìrìn àjò. Ẹni tó bá wọ 504 láti Ìlọrin lọ sí Kàdúná tàbí Jọ́ọ̀sì láyé ìgbà náà kò ní gbàgbé rẹ̀: kéwú Sheikh Abdul Basit ni wọn yóò fi ṣí ìrìn àjò, wáàsí ààfáà yóò tẹ̀ lé e, bí oorun bá sì fẹ́ gbé awakọ̀, yóò ti fújì Sikiru Ayinde Barrister bọ̀ ọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ta rédíò bẹ́ẹ̀, kì í ṣe irin nìkan ni ẹ ń tà. Ẹni tó ń rà á ń ra ìrántí, ẹni tó bá sì ń ra ìrántí kì í fi bẹ́ẹ̀ yẹ ọjà wò. Ó rọrùn láti tàn án jẹ.

Ohun tó dé bá wa

Ní 2019, ọdún kejì tí bàbá wa jáde láyé, àwa ọmọ rẹ̀ fẹnu kò láti ta rédíò 504 rẹ̀. A bi gbogbo ẹni tó ní ìpín nínú ogún, ìyá wa pẹ̀lú, nítorí kò tọ́ kí ẹnì kan ṣoṣo gbé ohun tí í ṣe ti gbogbo ilé lọ sọ́jà. Owó ìdánwò àbíkẹ́yìn wa ti sún mọ́ tòsí, a sì nílò owó náà lójú méjèèjì.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọ iṣẹ́ rédíò dáadáa. Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí rẹ̀. Nígbà tí mo padà débẹ̀, iná ojú rẹ̀ tàn, bọ́tìnnì rẹ̀ ń dán, ohùn kéwú sì ń jáde ketekete. Inú mi dùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní: “Alàájì, ẹ má jẹ́ kí oníbàárà lù ú ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ o. Tó bá ti tó ìdajì wákàtí tó sì gbóná, sípíkà ọwọ́ ọ̀tún á dákẹ́. Ẹ̀yà tó ń fún ohùn ìhà ibẹ̀ lágbára ti ń kú lọ, mo wá irú rẹ̀ títí, n kò rí i. Kò kúkú sẹ́ni tó máa dúró fún ìdajì wákàtí níbi tó ti ń ra rédíò.”

Oníbàárà àkọ́kọ́ dé lọ́jọ́ kejì. Ó gbọ́ ọ fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré, ó ní òun yóò san 45,000 náírà. Mo wo ojú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ó fà mí wọ yàrá, ó bi mí pé: “Bó bá gbé e dé inú ọkọ̀ rẹ̀ tó sì dákẹ́, orúkọ ta ni yóò máa pè?” N kò lè dáhùn. Rédíò bàbá wa ni a sọ fún ọkùnrin náà pé à ń tà. Orúkọ bàbá wa ni yóò máa pè.

A jáde, a sì sọ àlébù náà fún un. Ó dúpẹ́, ó dá owó rẹ̀ padà sápò, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ohun tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò

Kì í ṣe gbogbo olùtà ló ń purọ́. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó tún un ṣe léèrè ohun tó pààrọ̀ àti ohun tó fi sílẹ̀. Bẹ́líìtì rọ́bà ló ń yí ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì. Rọ́bà a máa nà, a máa gbó, òmíràn a tilẹ̀ yọ́ bí ọ̀dà. Rólà rọ́bà kékeré tó ń fa téèpù a máa le, téèpù a sì máa yọ̀ lórí rẹ̀. Hẹ́ẹ̀dì tó ń ka téèpù a máa dọ̀tí, ohùn a sì dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ aṣọ. Òwú àti sipírítì ni wọ́n fi ń nù ún. Nínú rédíò fúnra rẹ̀, àwọn kapásítọ̀ a máa gbẹ bí ọdún ti ń gorí ọdún, ohùn a sì máa kùn.

Ẹ̀yin náà lè dán eré rẹ̀ wò. Ẹ mú kásẹ́ẹ̀tì C60 tí ẹ kò náání, nítorí ẹ̀rọ tí a kò tíì mọ ìwà rẹ̀ lè jẹ téèpù. Ojú kan C60 a máa tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó lè lé díẹ̀. Bí ó bá pẹ́ tó ìṣẹ́jú 33 tàbí 34, ẹ̀rọ náà ń falẹ̀. Bí ó bá sì tètè parí jù, ohùn àgbà yóò dà bí ohùn ọmọdé. Ìdánwò yìí kan náà ni yóò fi hàn yín bóyá ó ń dákẹ́ bí ó bá gbóná.

Ẹ wo òpin nọ́ńbà FM tó wà lójú rẹ̀ pẹ̀lú. Ní Nàìjíríà, FM dé 108. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ rédíò àtijọ́ láti Yúróòpù parí sí 104, àwọn tó dàgbà jù wọ́n lọ parí sí 100, àwọn tí wọ́n sì ṣe fún ilẹ̀ Jàpáánù láyé àtijọ́ kò ju 90 lọ. Ará Ìlọrin tó bá fẹ́ gbọ́ Harmony FM ti Ìdófìàn lórí 103.5 yóò gbọ́ ọ lórí èyí tó parí sí 104, kò ní gbọ́ ọ rárá lórí èyí tó parí sí 100. Èyí kì í ṣe àìsàn rédíò, ṣùgbọ́n ó yẹ kí olùrà mọ̀ ọ́n kó tó sanwó.

Èyí tó léwu jù ni ọ̀rọ̀ bátìrì. Ọ̀pọ̀ Volkswagen Beetle tí wọ́n ṣe kí àwọn ọdún 1960 tó parí ń lo bátìrì fólítì 6, kì í ṣe 12. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé ìgbà náà, orí pósítíìfù bátìrì ni wọ́n so mọ́ ara ọkọ̀, èyí tó yàtọ̀ sí ti òde òní. Bí rewáyà bá so rédíò tí kò bá ọkọ̀ mu mọ́ ọn láìbéèrè, ó lè jóná lójú ẹsẹ̀. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ fún olùrà.

Àmì búlúù

Orúkọ Blaupunkt tí a dá lẹ́ẹ̀kan ní ìtàn. Àmì búlúù róbótó ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Jámánì. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní Berlin ní 1923, orúkọ mìíràn ló ń jẹ́, ohun tí wọ́n ń fi sétí gbọ́ rédíò ni wọ́n sì ń ṣe. Èyí tí wọ́n bá ti dán wò tó sì yege, wọn a lẹ àmì búlúù mọ́ ọn. Kò pẹ́ tí àwọn oníbàárà kò fi béèrè orúkọ ilé iṣẹ́ mọ́. Àmì búlúù ni wọ́n ń béèrè. Nígbẹ̀yìn, ilé iṣẹ́ náà sọ ọ́ di orúkọ ara rẹ̀.

Àwa tí a ń ta ẹyọ rédíò kan nínú ilé kò ní àmì kankan tí a ó lẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ ẹnu wa ni àmì tiwa. Gbogbo wa la sì ti gbọ́ ìtàn Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, nígbà tó kọjá lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta oúnjẹ lọ́jà. Ó ti ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ náà, ó sì bá a ní tútù nísàlẹ̀. Olùtà ní òjò ló pa á. Ànábì bi í léèrè ìdí tí kò fi kó èyí tó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì kìlọ̀ pé oníjìbìtì kò sí lára wa. Ẹ kíyè sí i pé kò ní kó má ta oúnjẹ tí òjò pa. Fífi ibi tútù pamọ́ sábẹ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Sípíkà tó ń dákẹ́ lẹ́yìn ìdajì wákàtí, oúnjẹ tútù nísàlẹ̀ òkìtì ni.

Bí ọ̀rọ̀ wa ti parí

Àwọn àgbà ní òtítọ́ dé ọjà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. A tọ́ ọ wò. Oṣù mẹ́rin ni rédíò náà fi wà nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi yá owó láti fi san owó ìdánwò àbíkẹ́yìn. A kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé pélébé kan: bẹ́líìtì jẹ́ tuntun, rólà jẹ́ tuntun, FM parí sí 104, sípíkà ọwọ́ ọ̀tún a máa dákẹ́ bí ó bá gbóná.

Ọkùnrin kan tó ń tún 504 bàbá tirẹ̀ ṣe ló padà rà á. Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó gbọ́ rédíò náà títí ó fi dákẹ́ níhà ọ̀tún, ó rẹ́rìn-ín, ó san 30,000 náírà, ó sì mú ìwé náà dání pẹ̀lú rédíò. Owó náà kéré sí ti àkọ́kọ́, a kò sì rí ìyàtọ̀ náà gbà níbì kankan. A pín in bó ṣe yẹ. Kò sẹ́ni tó pè wá láti ọjọ́ náà láti fẹjọ́ sùn.

Ohun kan kù tí mo fẹ́ kí ẹ rántí. Kí ẹ tó gbé rédíò fún ẹnikẹ́ni, àní ẹni tí yóò tún un ṣe pàápàá, ẹ wo ẹnu rẹ̀. A bá kásẹ́ẹ̀tì kan nínú tiwa. Ohùn bàbá wa ló wà níbẹ̀, níbi tó ti ń ṣe àdúà níbi ìsọmọlórúkọ àbíkẹ́yìn. Èyí kò sí lára ohun tí a tà.

Kí Ọlọ́hun fi alùbáríkà sí ohun tí a ń tà àti ohun tí a ń rà. Àmín.